Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Nínú Oṣù Àwẹ̀

"Ìyá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé ńṣe ni wọ́n lé yín kúrò ní Gánà?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi máa ń mẹ́nu bà á nígbà míràn."

"Kí ni bàbá rẹ mọ̀ nínú ẹ̀? Wọn ò tíì bí i. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ná."

Fóònù oníbàárà kan ni mò ń tún ṣe. Ìsọ̀ mi wà ní Challenge, ní Ìlọrin, létí títì tí wọ́n fi orúkọ Ibrahim Taiwo pè, gómìnà ológun Kwara tí wọ́n pa nínú ọ̀tẹ̀ February 1976. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá sí báńkì lọ́jọ́ náà, ó sì yà lọ́dọ̀ mi kí oòrùn lè rọlẹ̀ kó tó wọkọ̀ padà sílé. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta fóònù ní Circle, ní Accra, ó sì ti ń pè mí pé kí n máa bọ̀, pé ọjà ń yá lọ́dọ̀ àwọn ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Mo ti fẹ́ẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ní ìparí July 2025, fídíò àwọn tó ń wọ́de ní Accra bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí fóònù gbogbo wa: wọ́n gbé páálí sókè, wọ́n ní kí ará Nàìjíríà máa lọ sílé. Mo gbé e sí ìyá àgbà lójú. Ó wò ó tán, ó ní kí n tún un gbé sí i, ó tún wò ó. Ìgbà náà ni mo béèrè.

"Kí tiẹ̀ ni àwọn bàbá yín ń wá lọ sí Támàlè, ní àríwá Gánà lọ́hùn-ún?"

"Kí ni ìwọ ń wá lọ sí Accra?"

"Owó ni, mà."

"Owó náà ni. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn. Aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìlọrin níbí ni wọ́n ń dì sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọn á gba ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá, wọn á gba Níkì, wọn á gba Sùgú, títí wọn á fi dé Yẹ́ńdì. Tí wọ́n bá tà á tán, obì gbànja ni wọ́n ń rà bọ̀. Nígbà tí òyìnbó la títì, tí lọ́rì dé, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ kúkú jókòó síbẹ̀. Kòkó ti ń mówó wọ ilẹ̀ Aṣánté, owó kòkó yẹn ló ń ṣàn dé òkè lọ́dọ̀ wa."

"Ẹ̀yin ará Ìlọrin nìkan?"

"Níbo! Ará Ogbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ará Ìgbẹ́tì, ará Ìgbòho, ará Ṣakí, ará Ọ̀fà, ará Ìnísà. Tí o bá ń sọ Yorùbá nínú ọjà Támàlè nígbà náà, ebi ò ní í pa ọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìpàdé tirẹ̀. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń sin òkú, wọ́n ń parí ìjà tọkọtaya."

Mo wá ìwé kà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí Gánà ka èèyàn ní 1960, Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Ọ̀mọ̀wé kan, J. S. Eades, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará wa ní Támàlè, kọ odindi ìwé lé wọn lórí, ó sì jáde ní 1993. Ó yà mí lẹ́nu pé mo parí ilé ìwé gíga ní Ìlọrin láìgbọ́ nǹkan kan nípa wọn, bẹ́ẹ̀ inú ilé wa ni ọ̀kan nínú wọn ń gbé.

"Iṣẹ́ wo ni ìyá yín ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ̀sìwọ́sì. Abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìyarun, ọṣẹ, bọ́tìnnì. Bàbá mi ń ta aṣọ nínú ìsọ̀, ìyá mi ń ta wọ̀sìwọ́sì níwájú ìsọ̀ náà, owó kálukú sì wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni ọjà Támàlè ń ná. Lọ́jọ́ tí kò bá ná, àwa ọmọ á gbé igbá, a ó máa kiri abúlé. 1956 ni wọ́n bí mi síbẹ̀. Mo gbọ́ Dàgbánì kí n tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Háúsá ni wọ́n sì fi ń ṣe wàásù fún wa. N kò mọ̀ pé àlejò ni mí. Bóyá wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ."

"Kò sí àmì kankan tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá mi máa ń sọ pé àmì wà. Ọdún tí Gánà gbòmìnira, 1957, ìjọba Nkrumah lé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí méjì kúrò ní Kùmásì, Amadu Baba tó jẹ́ Sẹ́ríkí Sọ́ńgò, àti Othman Larden. Kánò ni wọ́n kó wọn lọ. Àwọn méjèèjì ní ọmọ Gánà làwọn, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìjọba kò dúró de ilé ẹjọ́, ilé aṣòfin ṣe òfin tó dárúkọ àwọn méjèèjì. Àwọn bàbá wa sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, pé kò kan ọlọ́jà."

"Ó padà wá kan ọlọ́jà."

"Ṣe ni ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní February 1966. Gbèsè wà nílẹ̀, iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́, ọjà wọ́n. Nígbà tí ìlú bá le, tí ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ fún ọ bá ń sọ èdè mìíràn, òun ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwa la gba gbogbo ọjà. Ẹgbẹ́ Busia wọlé ìbò ní August 1969, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí àṣẹ fi jáde. Ọjọ́ Àtàláátà ni. A ti bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá mi ń fetí sí rédíò, ó pe ìyá mi, ó ní kó wá gbọ́. Gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi Gánà sílẹ̀. Ìyá mi béèrè pé ta ni àjèjì náà. Bàbá mi ní, 'Àwa ni.'"

Mo yẹ kàlẹ́ńdà wò. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù November 1969 bọ́ sí Àtàláátà lóòótọ́, àwẹ̀ ọdún 1389 sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Gbèdéke pé ní ọjọ́ kejì oṣù December, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn àwẹ̀, nígbà tí Mùsùlùmí ń ṣọ́ òru láti pàdé Lailatul-Kadri. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa àṣẹ Busia, n kò rí ẹni tó mẹ́nu ba àwẹ̀. Ìyá àgbà kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà láì mẹ́nu bà á.

"Kí ló dé tí bàbá yín kò gba ìwé náà?"

"Níbo ni yóò ti gbà á? Kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé ìgbélùú, wọ́n á ní kí o mú pásípọ́ọ̀tù wá. Bàbá mi kò ní pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí bàbá tirẹ̀ lọ, abẹ́ òyìnbó kan náà ni Gold Coast àti Nàìjíríà wà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé. Accra ni aṣojú Nàìjíríà wà, ọ̀nà Támàlè sí Accra sì tó ìlọ́po méjì ọ̀nà Ìlọrin sí Èkó. Àwọn tó lọ bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀. Ọjọ́ ń lọ. Èyí tó dun bàbá mi jù kì í ṣe ìwé náà, kì í sì í ṣe ìsọ̀. Àwìn ni."

"Àwìn báwo?"

"Àwọn àgbẹ̀ ń gba aṣọ nígbà òjò, wọ́n ń san án nígbà ìkórè. November ni ìkórè ń wọlé. Ìwé tó ń kọ gbèsè sí kún dẹ́nu, àjàmí ló fi ń kọ ọ́. Oṣù tí ó yẹ kí owó ọdún kan wọlé ni wọ́n ní ká máa lọ. Ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè mọ̀ pé o ò ní í sí níbẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan wá bẹ̀ wá, wọ́n ní owó kò tíì sí. Àwọn kan sá lọ sóko."

"Gbogbo wọn, Ìyá àgbà? Ìwà ìkà wo nìyẹn?"

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró.

"N kò fẹ́ kí o gbọ́ ìdajì. Obìnrin Dàgọ́ńbà kan máa ń gba òwú lọ́wọ́ ìyá mi. Ó wá lóru, ó gbé ẹtù méjì lọ́wọ́, ó san gbogbo gbèsè ẹ̀. Ó jókòó títí di ìgbà sààrì, ó ń bá ìyá mi di ẹrù, ó sì ń sunkún ju ìyá mi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹni tí a jọ ń gbé ojúlé kan ra ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ní owó tí kò tó nǹkan, ó ń yọ̀ lójú wa. Ará ìlú kan náà làwọn méjèèjì. Tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà, kí o sọ ti àwọn méjèèjì."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún ìmáàmù àdúgbò. Ìdílé mẹ́rin ló wọ lọ́rì kan.

"A gba Yẹ́ńdì, a wọ Tógò, a wọ Dàhọ̀mì tí ẹ ń pè ní Benin nísinsìnyí. Sùgú, Párákù, Níkì. Ọ̀nà tí bàbá àgbà fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbà lọ la gbà padà. Ní gbogbo ẹnubodè, wọ́n ń tú ẹrù wa sílẹ̀. Àlùfáà tó wà nínú ọkọ̀ ní arìnrìnàjò lè jẹun, kó gbà á padà tó bá délé. Ìyá mi fún àwa ọmọ lóúnjẹ. Bàbá mi kò jẹ. A wọ Nàìjíríà ní apá Ọkúta, ogun Biafra ṣì ń lọ lọ́wọ́, sójà sì wà káàkiri ọ̀nà. Ọ̀kan dá wa dúró, ó bi bàbá mi pé ọmọ ibo ni. Ó ní Ìlọrin. Ó wá yíjú sí mi, ó fi Háúsá bi mí pé èmi ńkọ́. Mo ní Támàlè."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá mi gbá mi lẹ́nu. Kò nà mí rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, n kò mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo bí bàbá tìrẹ ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà á."

Kìṣí, Ìgbẹ́tì, Ìlọrin. Wọ́n dé nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tú àwẹ̀.

"Inú àwọn ará ilé á dùn o."

"Inú wọn dùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí fún wa, àwa mẹ́jọ. Bàbá mi ti ń fi owó ránṣẹ́ wálé tipẹ́, wọ́n fi kún ilé àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ agbo ilé ń pè wá ní ará Gánà. Ní ilé ìwé, wọ́n dá mi padà sẹ́yìn kíláàsì méjì, nítorí n kò lè ka Yorùbá. Ní Gánà, wọ́n ní ará Nàìjíríà ni wá. Ní Ìlọrin, wọ́n ní ará Gánà ni wá."

"Báwo lẹ ṣe wá bọ́ nínú rẹ̀?"

"Ìyá mi ni. Ìyá mi àti ìpínlẹ̀ tuntun."

Apá yìí ni n kò retí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù May 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n yọ ẹkùn Ìlọrin àti ẹkùn Kabba kúrò lára Àríwá, wọ́n sì kọ́kọ́ sọ ìpínlẹ̀ náà ní West Central kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Kwara. David Bamigboye, ọmọ Òmù-Àrán, ni wọ́n fi ṣe gómìnà ológun rẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Kàdúná ni Ìlọrin ti ń gba àṣẹ. Láti 1968, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ apá ibí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn bọ̀ láti Kàdúná, ìjọba tuntun sì nílò ọ́fíìsì, ó nílò ilé, ó nílò títì. Torí ogun tó ń bọ̀ ni Gowon ṣe pín ìpínlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ronú kan àwọn tó máa padà láti Támàlè. Síbẹ̀, inú ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú ni lọ́rì náà já wọn sí.

"Ìyá mi kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀," ìyá àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó mọ̀ pé àwọn kan ń kọ́lé, àwọn kan ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn sì ní láti jẹun ọ̀sán. Àwọn obìnrin Ìlọrin ń ta tiwọn, kò lè bá wọn dù ú. Ó wá ń se wáákyé bí wọ́n ṣe ń sè é ní Támàlè, ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú ìkòkò kan, ó fi pòpórò ọkà bàbà sí i kó lè pọ́n. Àwọn tó ti Kàdúná dé fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú wa ló wá di orúkọ ọjà: 'Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Ìyá Gánà.' Owó wáákyé ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ìjọba Kwara ló gbà mí síṣẹ́ tíṣà, ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe é."

"Bàbá yín ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ìyá mi ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn fún un. Kò fọwọ́ kàn án. January 1972, àwọn sójà lé Busia náà lọ, àwọn kan lára wa sì padà sí Gánà. Bàbá mi lọ, ó ní òun fẹ́ gba gbèsè òun. Kò lò tó oṣù kan tó fi dé. Àwọn mìíràn ti wà nínú ìsọ̀, wọ́n ti wà nínú ilé. Ìwé gbèsè náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ títí ó fi kú, kí Ọlọ́run forí jì í. Òfin náà kò pa á, n kò ní í purọ́. Ó kàn jẹ́ pé ọkùnrin tó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà rẹ̀ ní abúlé ogún, kò mọ ẹni tí yóò kí ní Ọjà Ọba mọ́."

Mo rò pé ibi tí ìtàn náà yóò parí sí nìyẹn. Mo ní ó dára bí Nàìjíríà ṣe gbẹ̀san ní 1983. Ìyá àgbà wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Gbẹ̀san lára ta ni? Lára Busia? Busia ti kú ní 1978. Gbọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù January 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì náà, ọkọ mi! Owó epo ti já, ìbò ń bọ̀, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Ilé ìwé wa kún fún tíṣà ará Gánà nígbà náà. Mátìmátíìkì àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ló ń kọ́ wa lọ́mọ. Rawlings sì ti ti ẹnubodè Gánà láti ọdún tó ṣáájú, àwọn èèyàn há sí Benin, kò síwájú kò sẹ́yìn, kó tó ṣí i ní ìparí oṣù náà."

Wọ́n fojú bù ú pé ará Gánà tó lọ lọ́dún náà tó 1,000,000. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní. Wọ́n ń tà á níwájú ìsọ̀ mi.

"Àwọn èèyàn ń ra ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀," ó ní. "Bẹ́ẹ̀dì, fáànù, rédíò. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, ará Cape Coast, gbé rédíò onítéèpù wá sílé wa, ó ní iye tí a bá ní ká san. Èmi fẹ́ rà á, rédíò náà dára. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra ẹrù ará Gánà ní ọ̀pọ̀. Ó bi ọkùnrin náà léèrè iye tó rà á ní tuntun. Ó sọ ọ́. Ìyá mi wọlé, ó kó owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, ó ka iye yẹn sí i lọ́wọ́, kò dín kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó jẹun kó tó lọ. A dá àjọ mìíràn kó tó rí ìrẹsì rà lẹ́ẹ̀kejì."

Oníbàárà kan wá gba fóònù rẹ̀ nígbà yẹn, Ígbò tó ní ìsọ̀ èlò kọ̀ǹpútà lójú kejì títì. Ó kí ìyá àgbà ní Yorùbá tó já gaara. Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà bi mí léèrè.

"Ọmọ mélòó ló bí sí Ìlọrin?"

"Mẹ́ta, mà. Àgbà ti wọ yunifásítì."

"Tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀, níbo ni wọ́n á ní kó lọ?"

"Ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀."

"Ó ti débẹ̀ rí?"

N kò dá a lóhùn. Mo mọ ọmọ náà. Ó ń sọ èdè Ìlọrin ju èmi lọ.

Lẹ́yìn èyí, a padà sórí ọ̀rọ̀ Accra. Mo ṣàlàyé òfin tí Gánà ṣe ní 2013 fún un: àjèjì tó bá fẹ́ dá ilé ìtajà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní 1,000,000 dọ́là, kó sì gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́, kò sì sí àyè fún un láti pàtẹ nínú ọjà. Ó bi mí bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń ṣe é. Mo ní orúkọ ọmọ Gánà kan ló wà lórí ìwé ìsọ̀ náà.

"Tí ẹni yẹn bá ní tòun ni?"

"Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, mà."

"Alájọgbé wa náà, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni."

"Ṣùgbọ́n àdéhùn ECOWAS wà láti 1979. A lè wọ ibẹ̀ láì gba físà, ká lo àádọ́rùn-ún ọjọ́."

"Ìyẹn dára. Nígbà tiwa, kò sí i."

"Ẹ ò fẹ́ kí n lọ, àbí?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀? Bí bàbá àgbà kò bá lọ, kí ni à bá jẹ? Lọ. Lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà, fojú rẹ wo ọjà. Má tàwìn fún ẹnikẹ́ni. Owó tí o bá rí, máa fi èyí tó pọ̀ jù kọ́ nǹkan síbí, lórúkọ ara rẹ. Kọ́ èdè wọn. Kí o tó lọ rárá, gba pásípọ́ọ̀tù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnubodè ni wàá ti máa wá ẹni tí wàá bẹ̀."

"Mà á gbà á."

"Gba tèmi náà pẹ̀lú rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ń lọ?"

"Ìwọ mọ ọ̀nà Támàlè ni? Bá mi béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, kí n tó ná owó tí mo gbà ní báńkì yìí tán."